Nígbà Tí Òròmọdìẹ Bá Ń Ké Nínú Ẹyin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ 32 ni a tò sínú ẹ̀rọ ìsàba wa ní Lálúpọn ní àsìkò ọyẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún, ọ̀kan nínú wọn ti dá ihò kékeré sí ara èèpo, ó sì ń ké. Àwọn ọmọ wa kò fẹ́ lọ sùn. Àbíkẹ́yìn ń bẹ̀ wá pé, "Ẹ ràn án lọ́wọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́." Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá òru tí ihò náà kò fẹ̀ sí i, a gbé ẹyin náà jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ṣí i. A kò tíì ṣí i dé ìdajì tí ẹ̀jẹ̀ fi bo ìka wa. Òròmọdìẹ náà kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ó tún dùn wá ni pé mẹ́rin mìíràn, tí wọ́n ti dá ihò sí èèpo tiwọn nígbà tí a ń ṣí ẹ̀rọ tí a ń pa á dé, kò jáde mọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Nítorí owó òròmọdìẹ ọlọ́jọ́-kan tí ó ń gun òkè, ọ̀pọ̀ ìdílé ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà fẹ́ máa pa ọmọ adìẹ fúnra wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fi pákó kan ẹ̀rọ náà. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe a máa sọ fìríìjì tí ó ti kú di ẹ̀rọ, wọ́n á fi gílóòbù àti fáànù kékeré sí i. Ẹni tí ó bá ṣe é yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń tan iná rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe, àti èyí tí kò yẹ kí á ṣe, ní ọjọ́ ìkẹyìn gan-an ni wọn kì í sábà sọ.

Kí ni ó fa ẹ̀jẹ̀ yẹn? Ní gbogbo ọjọ́ tí òròmọdìẹ fi wà nínú ẹyin, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni ó fi ń mí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ èèpo tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ta káàkiri inú rẹ̀ bí gbòǹgbò; òun ni ó ń gba afẹ́fẹ́ láti ojú àwọn ihò wínníwínní tí ó wà lára èèpo. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20, ọmọ náà yóò fi àgógó gún awọ tí ó dí àyè afẹ́fẹ́ ní ìdí ẹyin tí ó tóbi, yóò sì mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà yìí ni a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣóńṣó líle tí ó wà lórí àgógó rẹ̀ lu èèpo. Bí ó bá ti dá ihò kan, yóò sinmi. Ìsinmi yìí ni ó ń tan àwa ènìyàn jẹ, nítorí ó lè gba wákàtí 12, ó sì lè tó 24. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Ní àkókò tí ó dàbí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń kúrò nínú awọ padà sínú ara ọmọ, pupa ẹyin tí ó kù sì ń wọ inú ikùn rẹ̀ láti ojú ìdodo. Àwa kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà padà tán kí á tó fa awọ ya.

Pupa ẹyin yìí kan náà ni oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí ó bá jáde. Òun ni ó jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bí Amo Farm Sieberer Hatchery ní Awẹ́ lè kó òròmọdìẹ ọlọ́jọ́-kan sínú páálí lọ sí ìlú jíjìn láìsí oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa ṣí ẹ̀rọ nítorí pé ẹ fẹ́ tètè fún èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní omi. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ síbẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tí kò jáde ńkọ́? Ọyẹ́ ni, pẹ̀lú ọwọ́ tiwa. Ọyẹ́ tí ń la ètè wa náà ni ó ń gbẹ awọ inú ẹyin. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ nígbà tí ọmọ ti dá ihò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò wọlé, awọ náà yóò sì fún mọ́ ọn lára bí ọ̀rá, kò ní lè yí ara rẹ̀ po mọ́. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 18, ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ yẹ kí ó wà láàárín 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọjọ́ 18 lọ, kí ó tó 65 sí 70. Fífẹ̀ ojú omi ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe jíjìn rẹ̀. Abọ́ kékeré kan ni àwa gbé sí i. Fóòmù tí a rẹ sínú àwo pẹrẹsẹ ni ó yẹ.

Ooru náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius bí ẹ̀rọ bá ní fáànù, àti díẹ̀ lé ní 38, ní ọ̀gangan orí ẹyin, bí kò bá ní. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń fi ilé amọ̀ pa ẹyin fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ìpéǹpéjú ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbé ẹyin kàn láti mọ̀ bóyá ooru tó. Àwa ti dán an wò. Ẹ ra tẹmómítà. Bí NẸPA bá mú iná lọ (orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ni láti 2013), ẹ fi kúbùsù bo ẹ̀rọ náà, ẹ má sì bẹ̀rù jù. Ooru àpọ̀jù ń tètè pa ọmọ inú ẹyin ju òtútù díẹ̀ lọ. Ẹyin tí a rà ní kéréètì láti oko adìẹ tí kò ní àkùkọ kò ní pa, àní bí a fi àádọ́ta ọjọ́ sàba lé e lórí.

Nígbà wo wá ni ìrànlọ́wọ́ tọ́? Bí ihò bá ti wà fún wákàtí 24 tí kò fẹ̀ sí i, tí awọ ojú ihò ti gbẹ bí bébà, tàbí tí ọmọ dá ihò sí ẹ̀yìn ẹyin tí ó ṣóńṣó, níbi tí kò sí àyè afẹ́fẹ́, tí ó sì ń ké síbẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ ti fèrèsé. Ẹ rẹ òwú sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi ra awọ náà. Bí ó bá rin, iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò hàn. Bí ẹ bá rí iṣan tí ó pupa, ẹ dá a padà fún wákàtí mélòó kan. Bí kò bá sí, ẹ ṣẹ́ èèpo díẹ̀díẹ̀ láti ojú ihò yí ìdí ńlá po. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó láti dúró. Ẹ má fa ọmọ náà jáde. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀.

Àwọn àgbà oko kan sọ fún wa pé èyí tí kò bá lè jáde, kí á fi í sílẹ̀, nítorí kò ní dára. A gbà pẹ̀lú wọn dé àyè kan: a kì í fi irú rẹ̀ ṣe adìẹ ìbísí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwa ni kò gbé omi sí i tó, àléébù ti di tiwa, kì í ṣe ti òròmọdìẹ.

Nígbà tí òjò dé, a tún to 30. Mẹ́tàlélógún jáde láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni ihò rẹ̀ kò fẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko. Àbíkẹ́yìn wa ni ó di tọ́ọ̀ṣì mú, òun náà ni ó kọ́kọ́ rí okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ awọ, tí ó ní, "Màmá, ẹ dúró, kò tíì tó." A dá ẹyin náà padà. Ní ìdájí, òròmọdìẹ náà ti wà lórí àwẹ́ èèpo rẹ̀, ó tutù rinrin, ó ń mí.