Ọ̀nà Ìdí-Àràbà: Ọ̀rọ̀ fún Ilé tí Àrùn Jẹjẹrẹ Wọ̀

Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n; ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí ikú ní kété tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, èyí nì ni àrùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2022, àwọn tí ń ṣírò àrùn fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà nínú ọdún kan náà lé ní 120,000, àwọn tí ó sì pa lé ní 70,000. Nínú àwọn tí àrùn yìí ń mú, bí ìdajì ni ó yẹ kí wọ́n gba ìtọ́jú ìtànṣán. Ìtọ́jú yìí, àti ọ̀nà tí ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ń gbà dé ìdí rẹ̀, ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Kí ni ìtànṣán náà? Ní ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Röntgen, ṣe alábàápàdé ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, tí ó sì ń la ara ènìyàn kọjá. Òun ni a fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn títí di òní. Bí a bá mú un lágbára gidigidi, tí a sì dojú rẹ̀ kọ ibi tí jẹjẹrẹ wà, yóò ba àrùn náà jẹ́ tí kò fi ní lè máa bí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè fún ni tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ara tí ó yè má baà gbọgbẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Fún obìnrin tí àrùn náà mú ní ẹnu ilé-ọmọ, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 25, a óò sì tún fi ìtànṣán sí inú ara rẹ̀ nígbà díẹ̀. Àwọn oníṣègùn fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ 8, nítorí bí aláìsàn bá ń pa ọjọ́ jẹ, àrùn náà yóò rí àyè gbérí.

Ìtànṣán náà kì í dunni bí ó ti ń wọlé, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rẹ ènìyàn, awọ ara sì lè dúdú tàbí kí ó bó. A gbọ́ pé àwọn kan kì í jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ìyá rẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ dé. Ẹ̀rù asán ni èyí. Ẹni tí ẹ̀rọ tàn sí láti òde kò gbé ìtànṣán kankan bọ̀ wálé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dì mọ́ ìyá rẹ̀.

Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni a ti ń ṣe irú ìtọ́jú yìí ní Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LUTH. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa gbó, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nba ẹ̀rọ tí ìjọba ní ní gbogbo Nàìjíríà ni ó ti dákẹ́. Ẹni tí ó lówó gba Ghana tàbí Íńdíà lọ, ẹni tí kò ní jókòó sílé. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari ṣí ilé ìtọ́jú tuntun ní LUTH, èyí tí àjọ NSIA, tí ń tọ́jú owó ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀, fi mílíọ̀nù 11 dọ́là kọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtànṣán 3. Ohun ọpẹ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí owó ilé ìwòsàn, ìṣòro mìíràn wà tí a kì í sábà kà mọ́ ọn. Láti Ajégúnlẹ̀ dé Ìdí-Àràbà kò tó máìlì 10. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá kan tí ń ta ẹja ní àdúgbò Báúńdárì. Ọjọ́ 25 jẹ́ ìrìn 50, àlọ àti àbọ̀. Ara rẹ̀ kò le tó láti dá lọ, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ó di owó ọkọ̀ 100. Ìrìn kan sì lè gba kẹ̀kẹ́ márúwá, kí a tún wọ dáńfó kan tàbí méjì. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo. Bí tírélà wáàfù bá sì dínà, wákàtí a máa lọ. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ìyá náà kò pàtẹ. Bí owó bá tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò ní, "Ara mi ti ń yá, ó tó bẹ́ẹ̀." Ewu ńlá ni, nítorí ìtọ́jú tí a fi sílẹ̀ ní agbede-méjì lè já sí òfo.

Nítorí náà, kí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn jókòó ṣírò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: kì í ṣe owó ilé ìwòsàn nìkan, bí kò ṣe ti ọkọ̀, ti oúnjẹ, àti ẹni tí yóò dúró ti ọjà. Bí ẹ bá ní ìbátan ní Ìdí-Àràbà tàbí Sùúrùlérè, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi parí. Ẹ bi oníṣègùn léèrè bóyá ètò kúkúrú yẹ ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, ọjọ́ 15 láàárín ọ̀sẹ̀ 3 ti tó lóde òní. Ẹ béèrè nípa owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn aláìní tí jẹjẹrẹ mú. Ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ pẹ̀lú lè pín ọjọ́ 25 náà láàárín ara wọn, kí olúkúlùkù sin aláìsàn lọ ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tètè lọ. Kókó nínú ọmú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 14 lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Ẹ̀rọ ti wà nítòsí wa báyìí. Ó kù kí aláìsàn lè dé ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó sì tún dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.