Bí A Ṣe Lè Yan Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga fún Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Àlejò

Láti ọdún 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ti ń gba àlejò. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ sì ti mú kí a mọ orúkọ ìlú náà dé ọ̀nà jíjìn. Àwọn mìíràn a máa lọ sí Òwá-Kájọlà láti wo omi Òwu tí ń já bọ́ láti orí àpáta. Gbogbo ẹni tí ó bá wá ni yóò fẹ́ oúnjẹ, tí yóò fẹ́ ibi tí yóò sùn, tí yóò sì fẹ́ ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Títọ́jú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí a sì ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1893 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún un ní ìlú Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland. Ní ọdún 1922 ni Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì wà ní Yaba College of Technology ní Èkó, láìka àwọn mìíràn. Orúkọ àwọn ẹ̀ka náà lè jọra, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú wọn kò rí bákan náà. Òbí tí yóò fi owó kajú tàbí owó èésú rán ọmọ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun mẹ́rin.

Èkíní ni ìfọwọ́sí ìjọba. Àjọ NUC ni ó ń yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yunifásítì wò. Àjọ NBTE ni ó ń yẹ ti politẹ́kíníìkì wò. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò tó láti béèrè, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ lè gba àṣẹ láti máa ṣiṣẹ́ kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ má tíì yege. Ìfọwọ́sí kíkún ti NUC a máa wà fún ọdún 5. Èyí tí kò kún a máa wà fún ọdún 2, kí wọ́n tó tún padà wá yẹ ẹ̀ka náà wò. Àwọn àjọ méjèèjì a máa tẹ orúkọ àwọn ẹ̀ka tí ó yege jáde.

Èkejì ni abẹ́ ibi tí a fi ẹ̀kọ́ náà sí. Ní Abẹ́òkúta, inú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ni nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni ó wà. Ní ibòmíràn, abẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni wọ́n fi sí. Ní ti àkọ́kọ́, ọmọ yóò kọ́ púpọ̀ nípa oúnjẹ, nípa ohun tí ń bà á jẹ́ àti nípa ìmọ́tótó. Ní ti èkejì, ìṣirò owó àti ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ni yóò gba iwájú. Ìyàtọ̀ yìí kan ọmọ tí ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, nítorí pé ẹni tí ó bá ti pa kẹ́mísírì tì lè rí i pé ilẹ̀kùn kan ti sé mọ́ òun. Kí a wo ìwé tí JAMB ń tẹ̀ jáde kí ọmọ tó yan iṣẹ́ tí yóò ṣe ìdánwò lé lórí.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìdánrawò. Kò sí ẹni tí ó lè ti inú ìwé nìkan mọ bí a ti ń se oúnjẹ fún igba ènìyàn kí ó má tutù, tàbí bí a ti ń tẹ́ ibùsùn ogún yàrá kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí òbí tàbí ọmọ dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó wò bóyá ilé ìdáná wà tí wọ́n ń dáná nínú rẹ̀ lóòótọ́, bóyá omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, àti bóyá yàrá kan wà tí a tẹ́ bíi ti ilé ìtura. Kí ó béèrè orúkọ ilé ìtura tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìta tí Àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, nítorí pé ibẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ọmọ yóò ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni iye ọdún àti owó. Ní politẹ́kíníìkì, ọdún 2 ni ND. Ọmọ yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, yóò sì tún lo ọdún 2 fún HND. Ẹni tí ND rẹ̀ bá dára tún lè wọ yunifásítì láti ọdún kejì ẹ̀kọ́. Ọ̀nà yìí bá ilé tí owó kò pọ̀ mu, nítorí pé ọmọ lè rí owó díẹ̀ kó jọ kí ó tó tẹ̀síwájú. Owó yíyá tí òfin ọdún 2024 fi lọ́lẹ̀, tí Àjọ NELFUND ń bójú tó, kò ní èlé, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá yan ti aládàáni kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Sísún mọ́ ilé nìkan kì í ṣe ìdí tí ó tó. Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti ọdún 2011, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó gbájú mọ́ jù lọ. Ó sàn kí ọmọ rìn jìnnà lọ kọ́ iṣẹ́ dáadáa, kí ó sì mú un padà wá sílé, níbi tí àwọn tí ń wá wo ère Èsìẹ́ yóò ti nílò rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí òbí kọ àwọn ohun mẹ́rin yìí sínú ìwé, kí ó sì gba ìdáhùn sí wọn kí ó tó san owó fọ́ọ̀mù.