Párì Tuntun Láti Ara Ẹsẹ̀: Ní Wọ́ọ̀dù Ni Iṣẹ́ Abẹ Náà Ti Ń Yè

Nínú àwọn kókó tó máa ń yọ láti ibi tí eyín ti ń hù, ameloblastoma ni àwọn dókítà eyín ní Nàìjíríà ń bá pàdé jù. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, kì í sì í tètè dunni, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa gbé e kiri títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú, tí ojú yóò sì yí padà. Tó bá ti jẹ egungun párì jìnnà, oògùn kì í sábà lè lé e lọ. Wọ́n ní láti gé egungun náà, kí wọ́n sì gé díẹ̀ mọ́ ọn lára èyí tó ṣì dára, torí pé kókó tí wọ́n bá kàn ha kúrò sábà máa ń padà wá. Ẹni tí wọ́n gé párì rẹ̀ láìfi ohunkóhun dípò rẹ̀ kò ní lè jẹ ẹran mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní já gaara, itọ́ á sì máa dà lẹ́nu rẹ̀ níṣojú àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ abẹ tó lè dá párì padà wà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ á yọ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ àti awẹ́ awọ kan lórí rẹ̀. Wọ́n á gé e kó rí bíi párì, wọ́n á fi irin dè é, wọ́n á wá rán iṣan rẹ̀ mọ́ iṣan ọrùn lábẹ́ maikirosíkópù. Ọwọ́ dókítà àti ẹ̀rọ rẹ̀ ni a máa ń yìn, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, bí mo ṣe yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́ọ̀dù ni ibi tí egungun yẹn ti ń yè tàbí kú, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ aláìsàn lóru, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìránṣọ ara yìí fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1960, Julius Jacobson àti Ernesto Suarez ní Yunifásítì Vermont ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ṣeé rán lábẹ́ maikirosíkópù láìdí. Ní 1965, Shigeo Komatsu àti Susumu Tamai ní Nara, Japan, so àtàǹpàkò tó ti gé já pátápátá padà. Ian Taylor àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne ròyìn ní 1975 bí wọ́n ṣe gbé egungun ẹsẹ̀ tòun ti iṣan rẹ̀, David Hidalgo ní New York sì ròyìn ní 1989 bí òun ṣe fi í ṣe párì. Lónìí, níbi tí iṣẹ́ náà ti mọ́ wọn lára, ó lé ní 95 nínú 100 irú egungun bẹ́ẹ̀ tó ń yè.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ló sábà máa ń pa àwọn tó kù. Iṣan tí wọ́n rán kì í sábà ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ ní fífẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lójú òwú, iṣan lè lọ́, ẹ̀jẹ̀ tó jò sábẹ́ awọ sì lè tẹ̀ ẹ́ pa. Wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù máa ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, tí wọ́n sì gbé aláìsàn padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n lè yọ ẹ̀jẹ̀ dídì náà kí wọ́n sì tún iṣan rán. Bí ilẹ̀ bá mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì ṣe ń yẹ awẹ́ awọ náà wò ní wákàtí-wákàtí: ṣé ó gbóná, ṣé ó rọ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń padà síbẹ̀ bí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́? Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ní kí a máa wo bóyá awọ náà funfun tàbí ó di búlúù, ṣùgbọ́n àyípadà yẹn kì í hàn kedere lára awọ dúdú. Ẹni tó bá ń retí rẹ̀ lè pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á fi abẹ́rẹ́ gún un: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá jáde, iṣan tó ń gbé e wọlé ló dí; bí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá ń yára ṣàn, èyí tó ń gbé e jáde ni. Ẹ̀kọ́ yìí kò wọ́n, àmọ́ ojú tó ti rí i rí ló ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ké lásán nígbà mìíràn, wọn kò sì lè gbé aláìsàn padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Aláìsàn náà ní láti mọ ohun tó ń dúró dè é. Wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ni iṣẹ́ abẹ náà sábà máa ń gbà. Nígbà tó bá jí, ó lè bá ihò kan lọ́rùn rẹ̀ tó ń gbà mí, rọ́bà oúnjẹ nímú, àti ẹsẹ̀ tí wọ́n dì. Fún ọjọ́ mélòó kan kò ní lè sọ̀rọ̀, nítorí náà kí bírò àti ìwé wà nítòsí. Wọn kò ní jẹ́ kó sùn pẹ́, ó sì yẹ kí àwọn ará ilé lóye pé ìdílọ́wọ́ yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Tó bá ń fa sìgá, ó gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, torí èròjà inú rẹ̀ máa ń fún iṣan pọ̀. Ètè ìsàlẹ̀ lè má mọ nǹkan lára mọ́. Egungun náà á gba oṣù mélòó kan kó tó jọ mọ́ra, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ eyín tuntun ń wáyé.

Àwọn kan á béèrè bóyá wọn ò ní sọ ènìyàn di arọ nítorí ẹnu. Ojúgun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara, wọ́n sì máa ń fi apá egungun tẹ́ẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀ kó má baà mì. Ọ̀pọ̀ ló ń rìn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń ní ìrora, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn sì ń le. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ yàwòrán iṣan ẹsẹ̀ ṣáájú, nítorí nínú àwọn ènìyàn díẹ̀, iṣan tí wọ́n fẹ́ mú yẹn ló ń bọ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Wọ́n ní egungun ìbàdí lásán tàbí irin nìkan tó fún orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ti ń fi owó àpò ara wọn tọ́jú ara. Bí àlàfo náà kò bá ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, tí kò sì sí ìtànṣán jẹjẹrẹ níbẹ̀, mo gbà pé egungun ìbàdí tó, kí wọ́n sì fi lọ aláìsàn. Níbi àlàfo ńlá, egungun tí kò ní iṣan máa ń jẹrà tàbí kó yọ́ dànù, irin nìkan sì lè kán tàbí kó yọ síta lára awọ. Owó tó ń ṣòfò jù ni ti iṣẹ́ abẹ tó dára tí kò sí ẹni tó ṣọ́ ọ, torí aláìsàn á pàdánù egungun ẹsẹ̀, kò sì ní rí párì gbà. Ìdí nìyí tó fi dára kí ilé ìwòsàn díẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ yìí lemọ́lemọ́ ju kí púpọ̀ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún jẹ́ ìdí tí lílọ àwọn nọ́ọ̀sì wa sí ìlú òyìnbó fi ń pa iṣẹ́ yìí lára ju àìsí ẹ̀rọ lọ. Owó tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ fún maikirosíkópù gbọ́dọ̀ ní owó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ òru nínú.

Kí aláìsàn tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kó béèrè iye irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dún, iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú lóru, bóyá yàrá iṣẹ́ abẹ ṣeé ṣí ní aago méjì òru tí iná ọba kò bá sí, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí egungun náà kò bá yè.