Ǹjẹ́ Ipá Adábùú Ń Ṣe Iṣẹ́?

Ẹni tí ó bá dúró ní etí ọ̀sà ní Agbowa, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, yóò rí bí atukọ̀ ti ń ti àjẹ̀ bọ omi ní ìdí ọkọ̀, tí ọkọ̀ a sì yà. Ǹjẹ́ ipá tí ó yà á ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀? Èdè ojoojúmọ́ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí atukọ̀ ń làágùn. Ìmọ̀ físíìsì kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nínú ìmọ̀ yìí, iṣẹ́ ni ipá ní ìlọ́po ìwọ̀n ọ̀nà tí nǹkan rìn sí ìhà tí ipá náà dojú kọ. Bí ipá níútìn 20 bá ti ọkọ̀ síwájú fún mítà 3, iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ júùlù 60. Ṣùgbọ́n bí ipá kan náà bá dábùú ìrìn ọkọ̀ ní igun 90 dígíríì, bí igi ti í dábùú ọ̀nà, tí ó sì ń dábùú bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà tán, iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òdo. Ó yí ọ̀nà ọkọ̀ padà. Kò fi kún eré rẹ̀, kò sì dín in kù.

Kí ló dé, nígbà náà, tí eré ọkọ̀ fi ń dín kù bí ó bá ń yà? Ìdí ni pé ipá omi lára àjẹ̀ kì í dábùú pátápátá: apá kan nínú rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn, omi a sì tún máa fa ara ọkọ̀ sẹ́yìn. Ipá tí ó dojú kọ ẹ̀yìn yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́, tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀.

Nítorí náà ni “ipá ẹ̀gbẹ́” kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ipá lè ti ẹ̀gbẹ́ wá kí ó sì dagun sẹ́yìn; “ipá adábùú” ni ó dárúkọ igun náà gan-an. Ní ti “iṣẹ́”, kí a má ṣe pa á tì, ṣùgbọ́n kí a máa pe òógùn atukọ̀ ní “làálàá”.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí a bá kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbé ìtumọ̀ ilé wá sí kíláàsì. Olùkọ́ tí kò bá ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára làálàá yóò fi ọ̀rọ̀ tí ó dára kọ́ni ní àṣìṣe.