Ohun Ìṣeré Ọmọdé Nínú Ilé: Yíyàn àti Àmójútó Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá wọ yàrá ìgbàlejò ilé mìíràn ní Ọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ yóò bá ọmọláńgidi kan tí ó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Àbúrò bàbá ọmọ ni ó fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìyá sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, kí ó má baà bà á jẹ́. Ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ rà á wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi igi lu agolo wàrà òfìfo. Nínú méjèèjì, èwo ni ohun ìṣeré? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Ọ̀wọ̀, Ìpèlé, Ifọ́n àti Ìdóàní a máa kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wọn pé àwọn òbí ibẹ̀ kò ní ohun ìṣeré nílé. Èrò tiwa ni pé àwọn òbí ní i. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kò dá a mọ̀.

Yíyan Ohun Ìṣeré

Ohun ìṣeré tí ó dára jù lọ fún ọmọ kékeré ni èyí tí ọmọ lè sọ di ohun mìíràn. Nígbà ọdún Ìgógó ní Ọ̀wọ̀, a kì í lu ìlù. Agogo ni a ń lù. Agolo ẹ̀yìnkùlé yẹn lè di agogo Ìgógó lónìí, kí ó di ìkòkò ọbẹ̀ lọ́la, kí ó sì di ọkọ̀ tí ń kó kòkó láti Ìdóàní lọ́túnla. Ṣùkù àgbàdo tí a fi àkísà wé a di ọmọ tí a ń pọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọláńgidi tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin nígbà tí a bá tẹ ikùn rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ àṣà lásán ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí Anna Sosa ti Yunifásítì Northern Arizona ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2015, ó gba ohùn òbí 26 àti àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ nínú ilé wọn. Àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ oṣù 10 sí 16. Nígbà tí ohun ìṣeré oníbátìrì bá wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ tí òbí ń bá ọmọ sọ kò tó èyí tí wọ́n ń sọ nídìí ìwé tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ilé wa. Ọmọ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó ní ọbẹ̀ ti jinná. Ìyá ṣe bí ẹni tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọmọ padà lọ bu omi sí i. Èdè ni ọmọ yẹn ń kọ́, ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

A kò wí pé gbogbo ohun tí a kò fi owó rà ni ó dára. Agbègbè oko kòkó ni a wà. A ti rí ọmọdé tí ń fi ike oògùn kòkó bu omi ṣeré. Irú ike bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ pé a ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Etí agolo tí a fi ọ̀bẹ ṣí gbọ́dọ̀ di títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihò tí wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré wò ní Amẹ́ríkà fẹ̀ tó mílímítà 31.7, ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ tán kò yẹ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ọmọ ayò kéré sí i dáadáa.

Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí ó wà nínú aago ìṣeré àti ọmọláńgidi akọrin. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ilé-ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró pé yóò yà á. Ọmọ èmi tí mò ń kọ èyí ti tú ìdérí irú aago bẹ́ẹ̀ rí. Abẹ́ àga ni a ti rí bátìrì náà, lẹ́yìn tí a ti wá a títí.

Àmójútó

Ní Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fi ohun ìṣeré 4 sílẹ̀ fún ọmọ 36 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi 16 sílẹ̀ fún wọn nígbà mìíràn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2018 fi hàn pé nídìí 4 ni ọmọ ti pẹ́ lórí ohun kan, tí ó sì mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ó lè gbà lò ó. Nítorí náà, kí ìyá tí ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀ pọ̀ pín wọn sínú agbọ̀n méjì, kí ó gbé ọ̀kan pamọ́, kí ó sì máa pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọláńgidi orí kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, bí a bá ti rí i pé kò ní bátìrì tí ọmọ lè yọ, kí a tú ọ̀rá rẹ̀, kí a gbé e sínú agbọ̀n. Bí ó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́, kí àgbà àti ọmọ jọ kó wọn padà, kí wọ́n máa kà wọ́n: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ìyẹn, kò sì gba owó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tún ń lọ sí ilé òbí kò ní láti bèèrè bóyá wọ́n ní ohun ìṣeré. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, kí ó jókòó, kí ó wá bèèrè pé: "Ẹ jọ̀wọ́, mà, kí ni ọmọ yín fi ṣeré láàárọ̀ yìí?"