Ta ló Kọ́kọ́ Sọ Àkọsílẹ̀ Ọmọ Ilé-Ìwé Di Ìwé?

Bí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì bá jókòó pọ̀ ní àdúgbò Okokomaiko, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kan ìwé kíkà. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò: ọmọ ìwòyí kì í kàwé mọ́, fóònù ti gba ojú wọn. Wọn ò parọ́, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ ìwé ìwádìí wọn, láti ẹnu géètì LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) títí dé Ìyànà Ìba. Láti 1983 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá yunifásítì náà sílẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọ odidi ìwé níbẹ̀ kí wọ́n tó gboyè: ó lórí, ó nídìí, ojú ìwé ìdúpẹ́ wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ le koránkorán, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí i. Ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, ẹni tó kọ ọ́ á gbé tirẹ̀ lọ sílé, eruku á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ò lè pe àwọn tó ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí kò lè kọ̀wé. Olùkọ́ tó fẹ́ fún wọn ní máàkì nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó di ìwé. Bákan náà lọ́rọ̀ rí ní kíláàsì kékeré, níbi tí ọmọ ti ń kọ àròkọ tí tíṣà ń fi yíǹkì pupa fàlà sí, tí ìwé-iṣẹ́ náà á sì di ohun tí a fi ń pọ́n ẹ̀pà tí sáà bá ti parí.

Ohun tí mo fẹ́ tọpa rẹ̀ ni bí ó ṣe di pé àwọn kan ronú pé ohun tí ọmọ kọ ní kíláàsì tó ohun tí a ń tẹ̀ jáde fún ará ìta kà. A kò lè wá ìdáhùn rẹ̀ sínú ìtàn ìwé Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀: Àjàyí Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ̀òkúta ní 1859, Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà dé ní 1938, Aláwìíyé Ọdúnjọ sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tíṣà ni Fágúnwà àti Ọdúnjọ ń ṣe. Ọwọ́ olùkọ́ ni ìwé wa ti jáde, ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sì ni òǹkàwé. Ìgbà wo wá ni ọmọ orí bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀ di òǹkọ̀wé? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbà pé ilẹ̀ Faransé ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ ni Célestin Freinet, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìbọn ogun àgbáyé kìíní ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí abúlé Bar-sur-Loup ní 1920 láti máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ pẹ́ kí èémí tó tán nínú rẹ̀. Tíṣà tí kò lè pariwo gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ìtàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ràn jù ni ti ìgbín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì kó ìgbín wá láti ìta, ni wọ́n bá tò wọ́n sórí tábìlì, tí wọ́n ní kí wọ́n sáré ìje. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìgbín ń sáré, kíláàsì ń pariwo èyí tó máa gba ipò kìíní, ìwé kíkà tí ìjọba pín fún wọn wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó yà sí i. Tíṣà mìíràn ì bá fa pàṣán yọ. Ohun tí wọ́n ní Freinet ṣe ni pé ó mú ẹfun, ó sì kọ eré ìje náà sójú pátákó bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ ọ́, ni gbogbo wọn bá ń kà á láì sí ẹni tó fipá mú wọn. Àmọ́ pátákó kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń nù ún. Ní 1924, ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan sínú kíláàsì, àwọn ọmọ fúnra wọn sì ń to lẹ́tà òjé, èyí tó máa ń dojú kọ òdì bí àwòrán inú dígí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú férémù, wọ́n ń fi yíǹkì pa á, wọ́n ń tẹ bébà lé e. Ọmọ tó ti mọ̀ pé òun máa fọwọ́ to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í sọ àsọdùn púpọ̀.

Ẹ̀rọ náà ni gbogbo ènìyàn ń tẹjú mọ́ nínú ìtàn yìí. Èmi kò rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tó ṣe iṣẹ́ ni pé Freinet rí olùkọ́ kan, René Daniel, ní Trégunc, létí òkun ní ìhà kejì ilẹ̀ Faransé, tí kíláàsì méjèèjì sì ń fi ohun tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn ọmọ orí òkè ń ka ìròyìn àwọn ọmọ etí òkun. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Bar-sur-Loup ní láti ṣàlàyé ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ lábúlé rẹ̀, torí ẹni tó ń kà á kò dé ibẹ̀ rí. Máàkì tíṣà kò lè kọ́ ọmọ ní irú èyí, nítorí tíṣà ti mọ ohun tí ọmọ fẹ́ sọ kí ó tó sọ ọ́.

Àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbà kí Faransé kó gbogbo ògo lọ, wọ́n sì lẹ́jọ́ tó dáa. Ní oṣù kìíní 1958, Martin Banham, tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti dá ìwé ewì tiwọn sílẹ̀, bí irú èyí tó ti mọ̀ ní Leeds. Ìwé náà ni The Horn. J. P. Clark, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ló ṣe olóòtú rẹ̀, Aigboje Higo àti John Ekwere sì ràn án lọ́wọ́. Ewé bébà péréte ni, kò ní ẹ̀yìn tó ń dán. Síbẹ̀, nínú rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká ti kọ́kọ́ lo òwe ẹtu ní 1960, pé ẹtu kì í kọ “ẹtu” sẹ́yìn ara rẹ̀, láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn Négritude, ìyẹn àwọn òǹkọ̀wé tó ń fi jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú yangàn, ṣáájú kí gbogbo ayé tó mọ ti ẹkùn tó sọ lẹ́yìn náà. Ní ọdún kan náà, Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé àkójọ Nigerian Student Verse jáde, tí Banham ṣà jọ, odidi ìwé tó jẹ́ pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Higo ńkọ́? Òun ló wá di olórí Heinemann ní Nàìjíríà, tí ó ń tẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn jáde.

Ẹnì kan lè dáhùn pé The Horn kì í ṣe iṣẹ́ kíláàsì rárá, pé àwọn ọmọ yunifásítì tó ti lẹ́bùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń dárà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ ló dábàá rẹ̀, olùkọ́ náà sì mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí: ó fi ipò olóòtú sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ará Onitsha náà lè gbé tiwọn wá, pé ṣáájú Ìbàdàn ni àwọn ọmọ ilé-ìwé àti tíṣà kéékèèké ti ń kọ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí ogun abẹ́lé tó fọ́n wọn ká. N kò bá wọn jà. Bí a bá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ohun kan náà la máa rí nínú wọn: ẹni tí kò mọ òǹkọ̀wé rí ló ń ka ohun tó kọ.

Ohun tí a ń rí báyìí lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kò jọ ìyẹn. Ilé-ìwé aládàáni tó bá lówó lọ́wọ́ a máa tẹ ìwé ìparí ọdún. Bébà rẹ̀ ń dán yanran. Àwòrán onílé-ìwé ló máa ń ṣíwájú, ọ̀rọ̀ ìkíni á tẹ̀ lé e, ìpolówó ilé ìtajà òbí á tẹ̀ lé ìyẹn, kí a tó dé ẹ̀yìn pátápátá níbi tí ewì àwọn ọmọ ha sí, tí tíṣà ti tún kọ títí kò fi jọ ohùn ọmọdé mọ́. Wọ́n á fi owó rẹ̀ kún owó ilé-ìwé, òbí á rà á, á wo fọ́tò ọmọ rẹ̀, á pa á dé. Ọmọ náà ti di òǹkọ̀wé, wọ́n ní. Ta ló kà á?

Àwọn tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi, pé kí a máa tẹ iṣẹ́ kíláàsì jáde fún ẹni tí kò mọ ọmọ náà, ní ìbéèrè tó tọ́ sí ìdáhùn. Wọ́n ní àṣìṣe ọmọdé kò yẹ ní títẹ̀. Ní kíláàsì Freinet, gbogbo ọmọ ló jọ ń tún àkọsílẹ̀ ṣe lójú pátákó kí ó tó kan ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ gírámà sì nìyẹn. Wọ́n ní owó dà. Bébà A4 mẹ́rin tí a bá ká sí méjì-méjì jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún. Abẹ́rẹ́ àti òwú tó láti rán an láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, kó gba nọ́ńbà ISBN lọ́wọ́ National Library, kó sì fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn bí òfin 1970 ṣe wí. Wọ́n ní ọmọ á kàn jí i kọ láti inú fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá ní kó kọ̀wé nípa ọjọ́ tí kò lè gbàgbé láé. Àmọ́ fóònù kò mọ ohun tí ìyá ẹlẹ́ja ní Ìba ń sọ nípa ojú irin tí ètò ní yóò gùn ní kìlómítà 27 láti Marina dé Okokomaiko, tó sì jẹ́ Mile 2 ni ọkọ̀ ti ń padà láti 2023. Ọmọ ní láti lọ bi í.

Èdè wo ni wọn yóò fi kọ ọ́? Èyí ló le jù. Òfin Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní 2022, wọ́n sì tún fagi lé e ní 2025. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni wọ́n jókòó kọ ìwé náà fúnra wọn torí kò sí èyí tí wọ́n lè rà. Ó dà bí ẹni pé àìsí ìwé ni ìdí tó dára jù láti jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́. Àwórì, Ègùn, Ìgbò tí òbí wọn ń tajà ní Alábà, gbogbo wọn wà ní kíláàsì kan ní Okokomaiko. Kíláàsì mìíràn tó jọ ọ́ wà ní Àgbádárìgì, lójú ọ̀nà kan náà. Bí tibí bá fi ìwé ojú ewé mẹ́rìndínlógún ránṣẹ́, tí ọmọ ọ̀hún sì dé ibi tí wọ́n ti kọ “PPL” láìṣàlàyé pé ibùdókọ̀ ni, yóò kọ̀wé padà láti béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.