Láti Ìkòtún dé Abidjan Láìní Ọkọ̀ Ara Ẹni

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn oníṣòwò Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò nígbà tí ìsinmi ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀: ǹjẹ́ ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò sì ní owó ọkọ̀ òfuurufú, lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré rí orílẹ̀-èdè mẹ́rin, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà? Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe. Benin, Tógò, Gánà àti Ivory Coast ni a ń wí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó tọ etí òkun lọ ni ó so wọ́n pọ̀, láti Èkó dé Abidjan kò sì ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Àìṣètò ni ó ń ba ìrìn-àjò náà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́; jíjìn rẹ̀ kò tó nǹkan. (Benin tí a ń sọ yìí ni Dahomey àtijọ́ tí ó pa orúkọ dà ní 1975; kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Bìní Ọba ni.)

Ẹlòmíràn yóò wí pé, èéṣe tí a kò fi wọ ọkọ̀ ojú irin? Lóòótọ́, láti 1959 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ní tíkẹ́ẹ̀tì kan tí àlejò lè fi wọ rélùwéè láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì la rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Kánò ní 1912, irè ilẹ̀ òkè ni ó fẹ́ kó wá sí etí òkun. Ohun kan náà ni Jámánì ń wá nígbà tí ó la tirẹ̀ láti Lomé dé Palimé ní 1907, àti Faransé tí rélùwéè rẹ̀ ti Abidjan dé Ouagadougou ní 1954. Olúkúlùkù la ọ̀nà tirẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, ẹnìkan kò sì ro ti aládùúgbò. Nítorínáà ọkọ̀ akérò ni ti àwa tí ń lọ láti ìlú etí òkun kan dé èkejì. Onímọ́tò pàápàá kò yẹ kí ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ní láti gba ìwé ìdáàbòbò ọkọ̀ tí ECOWAS dá sílẹ̀ ní 1982, kí ó sì tún gba ìwé mìíràn lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè fún mọ́tò náà, nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá lọ ní tirẹ̀.

Ní ti òfin, ẹ̀tọ́ ni ìrìn-àjò yìí jẹ́ fún wa. Ní Èkó níbí ni a ti dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975, ní Dakar ní 1979 sì ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí kí àwọn Òyìnbó tó ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní Schengen ní 1985. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn yangàn díẹ̀. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn lójú ọ̀nà tiwa yìí.

Ẹ̀tọ́ láìsí ìwé, asán ni. Àwọn baba wa tí wọ́n ṣòwò ní Gold Coast mọ èyí dájú. Ní oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ lọ. Ní 1983 àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà, ìgbà yẹn ni báàgì Ghana-must-go gba orúkọ.

Páàsípọ́ọ̀tù ECOWAS tàbí ìwé ìrìnnà tí ìjọba ń fún arìnrìn-àjò ECOWAS ni a ó kọ́kọ́ wá, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì tíì kọjá. Èkejì ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò ni kí a ti gbà á. Láti 2016 ni a sì ti gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọkàn sí òǹtẹ̀. Ibodè mẹ́rin ni ó wà lójú ọ̀nà, òǹtẹ̀ méjì sì ni ti ibodè kọ̀ọ̀kan: ti ìjáde àti ti ìwọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ ní àlọ, mẹ́jọ ní àbọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àwọn kan ń jẹ̀ kiri ẹnu ibodè tí wọn yóò wí fún yín pé, "Bọ̀dá, ẹ mú owó wá, ẹ má wulẹ̀ wọlé lọ tò." Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé wọn yóò kọjá kíá, inú rẹ̀ yóò sì dùn títí yóò fi dé ibodè kejì, níbi tí a ó ti bi í pé ọ̀nà wo ni ó gbà wọlé. Kò ní òǹtẹ̀ tí yóò fi hàn. Owó tí yóò san níbẹ̀ yóò ju èyí tí ó rò pé òun fi pamọ́ lọ, bí wàhálà bá sì dé nínú ìlú, kò sí ẹ̀rí pé ó wà láàrin 90 ọjọ́ tí òfin fún un. Ẹ wọlé, ẹ tò, ẹ gba òǹtẹ̀ yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ọkọ̀ tààrà láti Èkó dé Accra. Àwa kò fara mọ́ ọn fún ẹni tí ń gbafẹ́. Bí ìwé ẹnìkan nínú ọkọ̀ kò bá pé, gbogbo èrò ni yóò dúró dè é, òru sì lè bá yín lójú ọ̀nà. Ó sàn kí a gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́, kí a máa rìn lójú ọ̀sán, kí a sì máa sùn nínú ìlú.

Láti Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ wá sí Ìgandò ní ìdájí, kí ẹ wọ ọkọ̀ tí ń gba LASU lọ sí Ìyànà Ìbà, láti ibẹ̀ sí Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀. Ibùdó àyẹ̀wò pọ̀ ní apá ọ̀hún. Ẹ mú ìwé yín lọ́wọ́, ẹ má sì bínú. Ní Sẹ̀mẹ̀, láti oṣù kẹwàá 2018 ni a ti ṣí ilé kan níbi tí aṣọ́bodè tiwa àti ti Benin ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ sùn ní Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, ẹ ó sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn ọmọ àwọn tí ó ti Brazil bọ̀ kọ́, tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kútọnu kò jìnnà sí i, níbi tí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan yóò ti gbé yín dé ibùdókọ̀.

Láti Kútọnu dé Lomé tó nǹkan bí 150 kìlómítà. Bí ẹ bá ti kọjá Hillacondji, ẹ fa aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Lomé ni ó yà wá lẹ́nu jù lọ, nítorí ìlú náà àti ibodè Gánà fẹnu kora. Ẹ lè jẹun òwúrọ̀ ní Tógò, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá sí Aflao, kí ẹ sì ti wà ní Gánà kí oúnjẹ náà tó dà nínú yín. Èdè Ewe ni wọ́n ń sọ níhà méjèèjì. Àwọn obìnrin oníṣòwò wa kò gbọdọ̀ kọjá Lomé láìwo aṣọ: níbẹ̀ ni àwọn ìyá tí a ń pè ní Nana Benz ti fi àǹkárá kó owó jọ, bí iná tilẹ̀ jó ilé ọjà ńlá wọn ní oṣù kìn-ín-ní 2013.

Láti Aflao, ọkọ̀ trotro yóò gbé yín dé Accra. Ẹ tún lè dúró ní Elmina wo ilé odi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482, kí ẹ tó gba Takoradi lọ sí Elubo. Odò Tano ni ààlà níbẹ̀. Ní òdìkejì rẹ̀ ni Noé wà, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Apá yìí ni ó gùn jù, nítorí láti Accra dé Abidjan ju ìdajì gbogbo ọ̀nà náà lọ. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ kan ṣe é.

Ní ti owó, irú mẹ́ta péré ni: náírà, séfà àti sídì. Séfà kan náà ni Benin, Tógò àti Ivory Coast ń ná, nítorínáà ẹ má ṣe ṣẹ́ gbogbo séfà yín sí sídì nígbà tí ẹ bá ń wọ Gánà. Ẹ ó tún nílò rẹ̀ ní Noé. Séfà 655.957 ni owó yúrò kan, iye náà kì í sì í yí padà. Ẹni tí ó bá mọ iye tí yúrò jẹ́ sí náírà ní ọjọ́ náà, àwọn tí ń ṣẹ́ owó kò lè rẹ́ ẹ jẹ.

Èdè Faransé ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Ẹ kọ́ ònkà rẹ̀ ṣáájú, nítorí òun ni a fi ń ná ọjà. Wọ́n ń pe ọgọ́rin ní quatre-vingts, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ogún mẹ́rin, gan-an bí tiwa. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó sá fún un.

Ẹ ya owó àbọ̀ sọ́tọ̀ láti ilé, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ ka ọjọ́ yín sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ẹ ó wọṣẹ́: ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹ fún àbọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ ìkẹyìn bá yín ní Sẹ̀mẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ẹ lè dé Ìgandò kí ilẹ̀ tó ṣú.